Ohùn Tó Ń Han Láàárín Àwa Mẹ́rin

Rídì ni ègé esùsú pẹlẹbẹ tí a máa ń dè mọ́ ẹnu sasofóònù. Òun ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Tí etí rẹ̀ bá sán, ohùn á máa han.

Nígbà tí àwa mẹ́rin tí a ń fọn sasofóònù ń dánra wò ní Rumuola lónìí fún eré ọjọ́ Sọ́ńdè, ohùn kan han lẹ́ẹ̀mẹta.

Bọ̀ọ̀dá Kúnlé kọjú sí Bímpé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa.

“Bímpé, abeg, na you. Sinmi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwa mẹ́ta á ṣe é.”

Ìyá Bímpé ń bọ̀ láti Iléṣà wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà. Bímpé bẹ̀rẹ̀ sí í tú sasofóònù rẹ̀.

Mo ní kí olúkúlùkù fọn tirẹ̀ lóun nìkan. Ti Bímpé já gaara. Ti Bọ̀ọ̀dá Kúnlé dáa. Ti Ṣèyí, ẹnì kẹta wọn, náà dáa. Ó wá ku èmi olùkọ́ wọn.

Ó han.

Bímpé ní, “Ọ̀gá, ṣé kí n bá yín tú tiyín náà?”

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ gbé rídì tiyín sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Tí etí rẹ̀ bá ti sán, ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ sì wá jẹ́wọ́ níbí.