Atẹ̀wé Tó Máa Ń Bèèrè Pé "Ta Ni?"

Ọ̀gá atẹ̀wé kan wà ní Ṣómólú tí kì í to lẹ́tà kankan láìkọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀ kó bèèrè pé, "Ta ni?"

Láyé àwọn ológun, wọ́n dá ọkọ mi dúró níbi iṣẹ́. Ọṣẹ tí mo ń sè la fẹ́ fi máa jẹun, kò sì tà. Mo ní kí ọ̀gá atẹ̀wé náà bá mi tẹ̀wé ìpolówó pé ọṣẹ mi ló dára jù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Wálé, ìyìn kì í tajà. Ta ló ń lò ó?"

"Síkírá ni, ní Pedro. Aṣọ kan ṣoṣo ló ní. Ojoojúmọ́ ló ń fọ̀ ọ́, kò tíì ṣí."

"Ẹ ò rí i? Ìyẹn la máa tẹ̀."

Kò pẹ́ táwọn obìnrin fi ń ti Fádèyí wá bèèrè ọṣẹ Síkírá.

Lánàá, Múìbátù aládùúgbò mi sọ̀rọ̀ kan nípa ọṣẹ mi tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti wé gèlè tán láti lọ sọ fún ọ̀gá kí n tó rántí pé a ti sin ín.