Òróró Lárà Nínú Búréèkì: Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ìyá Mi Wálé Láti Wagadúgù

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́, tí mo gun bọ́ọ̀sì Bùràímọ̀, dírẹ́bà àdúgbò wa, ní Ogbomọ̀ṣọ́. Ìyá mi ni mo fẹ́ lọ mú wálé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nígbà tí òun àti bàbá mi gba ọ̀nà òkè lọ ṣòwò aṣọ. Ìyá-ìyá mi ló gbà mí tọ́. Bàbá kú sí Wagadúgù. Àwọn Faransé ló ń ṣe ìjọba lọ́hùn-ún nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní tiwa. Ìyá ránṣẹ́ pé ojú òun ti ń ṣú, òun fẹ́ rí ilé kí ó tó ṣú tán. Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ, síbẹ̀ mo lè fi ìka ọwọ́ kan ka iye ìgbà tí mo ti fojú kan ìyá mi.

Bọ́ọ̀sì náà ti gbó. Pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ le bí ọmọrí odó. Lẹ́yìn Pàràkú, erùpẹ̀ pupa bò wá títí a fi jọ ara wa. Ní Júgù mo jẹ wàrà kan tí wọ́n ń pè ní wàgáṣì. Ó le ju wàrà tiwa lọ, pòpòrò ọkà bàbà ni wọ́n fi sè é tí ó fi pọ́n. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé mo di òmíràn mọ́ gèlè.

A dé àwọn òkè Atakora. Ẹni tí kò bá tíì rí wọn, kó má rò pé òkè Ìdànrè nìkan ni Ọlọ́run dá. A gùn, a gùn, ọ̀nà sì da orí kodò lójijì. Bùràímọ̀ tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Òfo ni.

"Ẹ di nǹkan mú o!" ló pariwo.

Ó já jíà sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ké bí ẹran tí wọ́n ń pa, ó sì darí bọ́ọ̀sì sínú òkìtì iyanrìn létí ọ̀nà. A dúró. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ń ka ìwé-mímọ́ Kùránì láìdákẹ́, a ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo rí i pé bí iyanrìn yẹn ò bá sí níbẹ̀, ọ̀gbun ló kàn.

Bí ẹni ń rìn lórí ẹyin ni Bùràímọ̀ ṣe wa ọkọ̀ dé Wagadúgù, jíà nìkan ló fi ń dá a dúró. Ìgbà tí a wọ ìlú ni kùlọ́ọ̀ṣì náà kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, jíà kò wọlé mọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú ló bá wa tì í dé Hamdaláyè, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ará wa ń gbé láàrin àwọn mọ́sálásí.

Ìyá mi jókòó síwájú ilé. Ó ga ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ojú mi wò, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Ìwọ rèé, Ṣìkírátù?"

"Èmi ni, mà."

Ó bu sùmúkúmù fún mi mu, ìyẹn omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun jéró àti atalẹ̀ sí. Òun làwọn Mọ́sì onílùú fi ń ṣe àlejò bí àwa ṣe ń fi omi tútù àti obì ṣe é. Mo mu ún tán, mi ò sì mọ ohun tí mo lè bá ìyá mi sọ.

Nǹkan kan ń lé wa. Òjò ti ń ṣú. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lápá ibẹ̀, àwọn Faransé á fi igi dábùú ọ̀nà Pámà tí a máa gbà padà, odò á kún, ọkọ̀ kankan ò sì ní kọjá títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé.

"Bí òjò bá ká mi mọ́ ibí," ni ìyá mi wí fún Bùràímọ̀, "ìgbà tí ọ̀nà bá fi máa là, wọ́n á máa fà mí lọ́wọ́ wọ ilé bàbá mi ni. Mi ò ní rí i."

Òun ló ránṣẹ́ pe Ìdírísà, mẹkáníìkì àdúgbò náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá Ìdírísà, Mọ́sì ni ìyá rẹ̀, Wagadúgù ni wọ́n sì bí i sí. Yorùbá rẹ̀ dùn, àmọ́ Faransé kún inú rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ inú ìrẹsì. Fírẹ́ẹ̀ ló ń pe búréèkì. Ó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì, ó tú àgbá irin kékeré kan jáde, ó sì yọ rọ́bà inú rẹ̀. Rọ́bà náà ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú.

"Ta ló da òróró ẹ́ńjìnnì síbí?"

Bùràímọ̀ họrí. "Èmi ni. Ní Pàràkú. Mo rí i pé tinú rẹ̀ ti dín, mo ní òróró ni òróró ń jẹ́."

"Òróró ẹ́ńjìnnì ń pa rọ́bà, ẹ̀gbọ́n. Fírẹ́ẹ̀ àti kùlọ́ọ̀ṣì, ibì kan náà ni wọ́n ti ń mu. Májèlé kan náà lẹ fún àwọn méjèèjì."

A rí rọ́bà tuntun rà lọ́wọ́ ará Ọ̀fà kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́jà. Òróró búréèkì ni kò sí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní àfi kí ọkọ̀ ojú irin dé láti Àbíjàǹ, wọn ò sì mọ ìgbà tí yóò dé. Ààrá sán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ òjò kò rọ̀. Ìdírísà jókòó lórí táyà kan, ó ń wo ọ̀run. Lójijì ó dìde.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé oògùn."

"Ta ló ń ṣàìsàn?" ni ìyá mi bi í.

"Òróró lárà ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn Faransé ń tà fún fírẹ́ẹ̀, wọ́n á wá fi ọtí líle là á. Ilé oògùn ní méjèèjì."

Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Òróró lárà! Èyí tí ìyá-ìyá mi fi ń fọ inú wa nígbà tí a bá jẹ máńgòrò àjẹjù! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Nígbà tí Òyìnbó tó ni ilé oògùn gbọ́ iye ìgò tí a fẹ́, ó béèrè ẹni tí inú rẹ̀ dí tó bẹ́ẹ̀. Ìdírísà túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi.

"Sọ fún un pé bọ́ọ̀sì ni," ni ìyá mi dáhùn.

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kó ìgò náà fún wa.

Ìdírísà fi ọtí fọ gbogbo páìpù, ó to rọ́bà tuntun sí i, ó po òróró náà mọ́ ọtí, ó sì dà á sí i. Ó wá ní afẹ́fẹ́ ló kù tí a máa lé jáde. Bùràímọ̀ ti lọ kó èrò jọ, nítorí náà èmi ló fi sórí ìjókòó dírẹ́bà kí n máa tẹ búréèkì. Ìyá mi jókòó ti ibi tí wọ́n ń da òróró sí, ó ki ìka bọ̀ ọ́ kó lè mọ̀ bó bá ń gbẹ, nítorí bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á tún wọlé.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ dì í mú! Ẹ tú u sílẹ̀!" ni Ìdírísà ń wí lábẹ́ ọkọ̀.

Mo ń tẹ̀, mo ń tú u. Ìyá mi ń bu òróró sí i. Láàárín èyí ló bi mí, láìyíjú sí mi:

"Ṣé ìyá mi máa ń nà ọ́?"

"Ó máa ń nà mí, mà. Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń sùn lé."

Ó tún ki ìka bọ òróró náà. "Èmi náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sùn lé," ló wí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi dúró gbagidi, bí ẹni tó tẹ àpáta. Mo kígbe. Ìdírísà yọ orí jáde, eyín rẹ̀ ń tàn. Ó ní òróró kì í ṣe bí afẹ́fẹ́. Bí o bá tì í níbí, ó gbọ́dọ̀ ti nǹkan lọ́hùn-ún. Mo wo páìpù náà. Kò nípọn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ewéko ẹ̀yìnkùlé wa ló ti wá, òun ló sì máa di bọ́ọ̀sì tó kún fún ènìyàn mú lórí òkè. Súbúhánà-Lọ́ọ̀hì. Ẹnu mi ò lè pa dé.

Wọ́n ṣe ti kùlọ́ọ̀ṣì bákan náà, Ìdírísà sì wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà Kosodó láti dán an wò. Ìyá mi kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Ìdírísà sáré, ó tẹ búréèkì, bọ́ọ̀sì dúró lójú ẹsẹ̀. "Báríkà," ni ìyá mi wí, ìyẹn ni pé o ṣeun lédè Mọ́sì, ó sì sọ ọ́ léraléra.

Ọjọ́ kejì la gbéra. Gbogbo àdúgbò ló sin ìyá mi jáde. Àwọn obìnrin Mọ́sì sunkún ju àwọn tiwa lọ. Ní Pámà, ọlọ́pàá ti gbé igi náà lọ́wọ́, òjò sì ti ń kán. Ó wo àwọ̀sánmà, ó wo ìyá arúgbó tó wà níwájú, ó fọwọ́ júwe pé ká yára. Odò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pupa lábẹ́ afárá. Ní àwọn òkè Atakora, gbogbo wa di nǹkan mú nígbà tí ọ̀nà da orí kodò. Bùràímọ̀ tẹ búréèkì, ọkọ̀ rọra fà sẹ́yìn, ó ń bá wa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá mi ní kí n sọ ohun tí mò ń rí fún òun. Mo sọ òkúta, mo sọ igi, mo sọ ẹyẹ tó ń fò nísàlẹ̀ wa.

Ọ̀sán gangan la wọ Ogbomọ̀ṣọ́. Ojú rẹ̀ ṣì ríran díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó wo páànù tuntun tó wà lórí rẹ̀, ó wo igi oróǹbó, ó ní, "Wọn ò gé e."

Ohun tí ìrìnàjò yẹn kọ́ mi ni pé kì í ṣe ohun ńlá nìkan ló ń gbé ohun ńlá dúró. Ẹ̀rù ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi sínú nǹkan wẹ́wẹ́ ń bà mí láti ìgbà náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lágbàlá. Mo yọjú láti ojú fèrèsé. Ìyá mi ni, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ òsì wá ibi tí pàǹtírí wà, ó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá a. Ó yẹ kí n sáré jáde lọ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà sórí ẹní, mo dùbúlẹ̀ bí ọmọdé, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbálẹ̀.