Láptọ́ọ̀pù Ṣáínà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀ Láti Tà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi níṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Láptọ́ọ̀pù dúdú kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé òun nìkan ló lágbára. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ lórí rédíò pé iléeṣẹ́ kan láti Ṣáínà ti ra ẹ̀ka iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, ó ní, "Ó parí nìyẹn. Wọn ò ní pẹ́ bà á jẹ́."

Láti ìgbà náà, àlòkù Amẹ́ríkà nìkan ló ń tà. Nǹkan wá le, náírà já wálẹ̀, àlòkù tó dáa sì wọ́n bí ojú.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá láti Oǹdó. Ó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tí yóò fi kọ ìtàn ìjọ rẹ̀.

"Ẹ má ra ti Ṣáínà, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kò ní pẹ́ tí yóò fi kú mọ́ yín lọ́wọ́."

"Èyí tí o gbé kalẹ̀ yìí ńkọ́? Ta ló ti lò ó tì?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Ìyá náà lọ ra ti iléeṣẹ́ Ṣáínà náà níbòmíì.

Ó tó ọdún mẹ́rin kó tó padà wá. Ìwé ìjọ ti jáde, lẹ́tà ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù náà. Ó ní ká kàn bá òun gbọn eruku inú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tú u, ó yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò. "Ta ló ti bá yín tún un ṣe rí, mà?"

"Kò sẹ́nì kankan. Kò bà jẹ́."

Mo rò pé yóò wá àléébù kan sọ, àmọ́ ó ní, "Díẹ̀ ló kù kí n ṣì yín lọ́nà nígbà yẹn, mà. Ẹ má bínú."

"Èmi kúkú ti rà á," ni ìyá náà dáhùn. "Àwọn tó gbọ́ tìẹ ni kí o lọ bẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi gbé láptọ́ọ̀pù Ṣáínà méjì dé láti Èkó. Wọ́n pẹ́ lórí pẹpẹ, torí ohun tó ti ń sọ fún àwọn oníbàárà ni àwọn náà wá ń sọ fún un. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti Òkìtìpupa ra ọ̀kan, ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ra èkejì.

Ṣọ́ọ̀bù wa kejì, ní Oǹdó, ni mo wà nígbà tí mo kà á pé iléeṣẹ́ Ṣáínà náà ló ń ta kọ̀ǹpútà jù lọ láyé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì bi mí bóyá ṣájà tí òun fi ránṣẹ́ ti dé.