Ewúrẹ́ Tí A Fi Iyán Mọ

Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ lówe, ẹ máa gbọ́ ọ lówe. Ní ilé tiwa ní Ìkẹ́rẹ́, ó ju òwe lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, síbẹ̀ bí mo bá jókòó ti odó, kí n tó gbé ọmọ odó sókè, ojú mi á kọ́kọ́ wá ibi tí abọ́ omi gbígbóná wà.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di tiwa nígbà náà. Nọ́ńbà Oǹdó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná Adó sí Ìkẹ́rẹ́, bàbá ọkọ mi kì í sì í pa rédíò, kí ìjọba tuntun má baà dárúkọ ìlú wa lẹ́yìn òun. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, èmi àti ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá ń pe ọmọ yìí ní ìyàwó òun. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá, ìyá ọkọ mi, ṣe sọ ọ́ di orogún. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó sì gbọ́:

"Orogún mi, o ò kí mi! Àbí ọkọ wa ló ní kí o má kí mi mọ́?"

Ọmọ á sáré wá, á kúnlẹ̀, ẹ̀rín á sì máa pa á.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti òun àti Bàbá nìkan. Bí Bàbá bá jẹun alẹ́ tán, ẹran kan á ṣẹ́kù nínú abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹran náà kì í ṣèèṣì ṣẹ́kù o. Á fi ìka méjì gbé e sókè, á bojú wo òrùlé, á ní, "Ta ló ni eléyìí ná?" Ọmọ á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ ọ̀tún, á ní, "Èmi ìyàwó yín ni." Bó bá ṣe àṣìṣe na ọwọ́ òsì, ẹran á padà sínú ọbẹ̀ títí tí yóò fi rántí ọwọ́ tí a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Eré ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n Bàbá kò fi apá ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣeré rárá.

Ẹni tó bá ti bá àgbà Èkìtì gúnyán rí mọ̀ pé abọ́ méjì ni í máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Omi iṣu gbígbóná ni a bù sí ọ̀kan, ìyẹn la ó máa ta sí iyán bó bá le jù. Omi tútù ni ti ìkejì: ẹni tó ń yí iyán á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí iyán má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ooru má sì mú un. Èmi ni mò ń gún lọ́jọ́ náà. Màmá jókòó lórí àpótí, ó ń yí i. Ọwọ́ rẹ̀ á wọ omi, á wọ odó, á jáde kí ọmọ odó mi tó dé ilẹ̀. Ọmọ náà lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ wa, ó ń wo ọwọ́ yẹn bí ẹni ń wo onídán.

"Èmi náà fẹ́ yí i," ó wí.

"Dàgbà ná, orogún," Màmá dá a lóhùn, ó sì tẹ̀ síwájú láti mú kókó kan jáde.

Ọmọ kì í dúró dàgbà ná. Ó ṣe gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí i: ó ti ọwọ́ bọ omi kó tó kan odó. Abọ́ méjèèjì funfun, wọ́n jọra. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ omi iṣu gbígbóná dé ọrùn ọwọ́.

N kò ní ròyìn igbe yẹn.

Màmá ti gbé e dé ìdí àmù kí n tó ju ọmọ odó sílẹ̀. Ó ń da omi tútù lé ọwọ́ náà, ó ń dà á, kò dúró. Igbe kó gbogbo àdúgbò wá. Obìnrin tó ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa sáré dé, ẹyin tútù wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ lé e! Ẹyin ló ń pa oró iná!"

"Lọ dín ẹyin rẹ," Màmá wí, kò gbójú sókè. "Bí a bá dé, a ó bá ọ jẹ ẹ́. Ìyàwó, mú aṣọ mímọ́ wá. Ẹ pe ọlọ́kadà."

Báyìí ni a ṣe dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ, yìn wá pé a kò fi nǹkan kan kùn ún. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi oògùn sí i, ó dì í. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ di èrò ọ̀nà ilé ìwòsàn. Lọ́nà, mo máa ń pa ìtàn ìjàpá fún un títí tí ìtàn ìjàpá fi tán nínú mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá tèmi sílẹ̀. Oògùn ṣiṣẹ́, àdúrà ìjọ ṣiṣẹ́. Egbò náà pa ojú dé, awọ tuntun bò ó, pupa rúsúrúsú. Gbogbo ilé dúpẹ́. A rò pé ó ti parí.

Kò parí. Àwọn ìka rẹ̀ ń ká lọ sínú àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ewé tí iná rá. Ó dì wọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí kò fẹ́ kó dùn ún, awọ tuntun náà sì ń fà wọ́n mọ́ra. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ náà, ó yí i wò, ohùn ńlá yẹn sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ìyá ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Egbò ti san, ọwọ́ ni kò tíì san. Ìka yìí gbọ́dọ̀ máa ká, kó máa nà, lójoojúmọ́. Ẹ wá ohun rírọ̀ fún un kó máa fún, kó máa tẹ̀. Tí a bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò gan sí. A ó wá máa wá àwọn tí yóò fi abẹ là á."

Mo dé ilé, mo sọ fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ tí yóò fi mú ṣọ́ọ̀kì, tí yóò fi jẹun, tí yóò fi kí ènìyàn.

Mo fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà, ó fi ẹsẹ̀ gbá a. Mo fún un ní aṣọ tí mo ká, ó fi pọn bèbí rẹ̀. Bí mo bá mú ìka rẹ̀ láti nà án, á ké títí tí èmi náà á fi bá a sunkún. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Lálẹ́, Bàbá á gbé ẹran sókè, á ní, "Ta ló ni eléyìí ná?" Ọwọ́ òsì ni yóò jáde. Bàbá kò dá ẹran padà mọ́. Á fi í sí ọwọ́ òsì náà, ṣùgbọ́n á kọjú sí ògiri. Ọmọ náà sì rí i pé ó ń kọjú sí ògiri. Kò sọ "èmi ìyàwó yín ni" mọ́.

A kò gúnyán mọ́ pẹ̀lú. Bó bá ti gbọ́ gbì nínú odó ẹnikẹ́ni, abẹ́ ibùsùn ló ń wọ̀. Màmá da odó wa dojú bolẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó: àgbà ọkùnrin Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó gbà pé ẹni tí kò jẹ iyán kò tíì jẹun, ló ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, tó ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Kò ráhùn. Ó kàn máa ń wo ẹ̀bà náà pẹ́ kó tó bù ú, bí ẹni ń wo àjèjì tó jókòó sórí àga rẹ̀.

Obìnrin ẹlẹ́yin ni àánú rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó gbé iyán tí ó fi ewé wé wá.

"Mo gbé ẹyin wá, ẹ lé mi. Uyán ńkọ́? Ẹ máa lé uyán náà?"

"Ta ni yóò lé uyán?" ni Màmá wí. "Jókòó, ọmọ dáadáa."

Odó kò dún nínú ilé wa lọ́jọ́ náà, nítorí náà ọmọ kò sá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọjú. Nígbà tó yá, ó súnmọ́ Màmá. Màmá kò wò ó, kò pè é. Ó kàn bu iyán díẹ̀ tí ó ti tutù, ó ń fún un, ó ń yí i, ó fa ẹsẹ̀ mẹ́rin yọ lára rẹ̀, ó sì gbé e lé orí ìdérí abọ́.

"Kí lèyí?" ọmọ bi í.

"O ò mọ ewúrẹ́ ni?"

"Kò ní ìwo."

"Bá mi fi ìwo sí i. Ojú mi kò ríran tó bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì já iyán. Ó fẹ́ yí i. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò o: ọwọ́ kan kò lè yí ìwo ewúrẹ́. Iyán ń yọ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀. Ó bínú, ó ṣu ẹnu pọ̀. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún jáde láti abẹ́ apá níbi tó máa ń fi pamọ́ sí, ó fi ìka kíká yẹn di iyán mú, ó fi òsì yí i. Ìwo jáde, ó rí wọ́gọwọ̀gọ.

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Màmá fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́.

Ìgbà náà ni Bàbá wọlé. Ó rí ewúrẹ́ lórí ìdérí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Iyán ni ẹ fi ń ṣe eléyìí? Nínú ilé mi? Iyán kì í ṣe amọ̀!"

"Bàbá," Màmá wí, "uyán ló ba ọwọ́ yìí jẹ́. Ẹ jẹ́ kó wá tún un ṣe. Òun ló jẹ̀bi."

Bàbá wo Màmá, ó wo ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà tí iyán kún ìka rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n a kì í da iyán nù. Ohun tí ẹ bá fi mọ, a ó jẹ ẹ́." Ó mú ewúrẹ́ náà, ó gé orí rẹ̀, ó fi run ọbẹ̀. "Ìyàwó mi, ìwo rẹ̀ le díẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Báyìí ni ilé wa ṣe di ọgbà ẹran. Obìnrin ẹlẹ́yin ló kọ́kọ́ ń bá wa gúnyán ní ilé tirẹ̀, Màmá á mú ọmọ lọ síbẹ̀, á máa fà á súnmọ́ odó bí ẹni ń fa ewúrẹ́ gidi. Lẹ́yìn náà a gbé odó tiwa dìde. Mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí awọ ti bò ó, tí iyán náà bá ti tutù, kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé àwọn aláìsàn tó wà níta yọjú. A jẹ adìẹ, a jẹ àgùntàn, a jẹ ọkọ̀ tó ń lọ Ìsẹ̀ tòun ti awakọ̀ rẹ̀. Bàbá tó ní iyán kì í ṣe amọ̀ ló wá di ẹni tí ń ránṣẹ́: "Mọ Ẹmùrẹ́ fún mi." Ọmọ á bi í pé kí ló wà ní Ẹmùrẹ́. Bàbá á ronú. "Ilé pọ̀ níbẹ̀." Ọmọ á mọ ilé.

Lọ́jọ́ kan Bàbá ní, "Mọ òkè àpáta ìlú wa. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́, kí n lè rí ibi jókòó sí."

Kò sí bí a ṣe ń mú orí òkè tẹ́ bí kò ṣe kí a la àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ fi ẹ̀yìn ìka tẹ̀ ẹ́, Bàbá ní rárá, òkè yẹn ní kòtò. Ó bu ètè rẹ̀ jẹ. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, ó fi òsì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dùn ún. Omi lé sí i lójú. Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tó gbé e, àwòrán ìka rẹ̀ wà lórí iyán náà. Lọ́jọ́ náà, Bàbá kò jẹ òkè yẹn títí tí iyán fi gbẹ. Màmá rán an létí òfin. Bàbá ní òkè kì í ṣe ohun tí à ń jẹ.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìkórè ọdún yẹn, gbogbo wa jókòó ti iyán iṣu tuntun. Bàbá jẹ tán. Ẹran kan ṣẹ́kù. Ó gbé e sókè, ó bojú wo òrùlé.

"Ta ló ni eléyìí ná?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wo ti ọ̀tún, ó fi ti òsì sí ẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó ń tàn, pupa rúsúrúsú. Ó là á, ó la ìka gbogbo. Ọmọńdinrín nìkan ló tẹ̀ díẹ̀, ó sì tẹ̀ títí di òní olónìí.

"Èmi ìyàwó yín ni."

Bàbá kò rí òrùlé mọ́. Ó di ẹran náà mú, ó ń wo ọwọ́ yẹn. Ọmọ náà dúró títí, ó wá rò pé bóyá Bàbá kò tíì yó ni. Ó na ọwọ́ ọ̀tún náà sínú iyán, ó bù ú, ó yí i, ó fi kan ọbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó kán.

"Ẹ ya ẹnu."

Àgbà náà ya ẹnu.

Màmá ṣán ọwọ́, ó pariwo débi pé obìnrin ẹlẹ́yin gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹ gbà mí o! Orogún ti gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Bàbá ń jẹun lọ, omijé ń bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó gbé e mì, ó na ẹran náà sí ọmọ.

"Òkèlè yìí," ó wí, "kò ní kókó rárá."