Bàbá Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ilẹ̀kùn Dún

Bàbá òyìnbó tí mo tọ́jú ní Sachse, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn dún. Tí síbí bá já bọ́ lọ́wọ́ mi, á ní, “Rọra. Wọ́n ń gbọ́ wa.” Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, lára àwọn àkọ́kọ́ tó ń fi agbára núkílíà rìn, tó sì gbé àdó olóró tó lè pa odindi ìlú rẹ́. Wọn kì í pariwo, kí ọ̀tá má baà gbọ́ wọn. Ibẹ̀ ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ọ̀gá wọn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún un títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

“Àràárọ̀ ni ọ̀gá náà ń kí mi,” bàbá máa ń wí, “tó ń rẹ́rìn-ín sí mi.”

Èmi á pòṣé. Òyìnbó ò mọyì ìyá.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní Màmá ti kú, àwọn sì ti sin wọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo ń pè, tó ń sọ pé “Màmá ń sùn,” Màmá ti wà nínú ilẹ̀.

“Ìwọ nìkan lo wà lọ́hùn-ún,” ló wí. “A ò fẹ́ kó o dákú síbi iṣẹ́.”

Bàbá bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo sọ fún un. Ó dìde, ó sì fi gbogbo agbára gbá ilẹ̀kùn dé gbàmù. Ó tún ṣí i.

“Ìwọ náà,” ló wí, “gbá a.”