Ẹ̀yìn Ikú Ni Ẹfúnkẹ́mi Di Òṣìṣẹ́ Yunifásítì

Ẹfúnkẹ́mi Fágbénlé ti kú. Ikọ́ fée ló kì í mọ́lẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nínú láàbù yunifásítì kan lágbègbè wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáré gbé e dé kíliníìkì inú ọgbà, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú káàdì òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá. Kò ní in. Ojú ọ̀nà ọsibítù ìlú ló dákẹ́ sí.

Ojú ń tì mí. Àwa Ẹ̀gbá tá a máa ń fọ́nnu pé ọ̀dọ̀ wa ni ìwé ti kọ́kọ́ wọlé! Ṣé bá a ṣe wá ń ṣe ọmọ tó kàwé rèé?

Àgbẹ̀ olórìṣà ni bàbá rẹ̀, lábúlé kan lẹ́yìn Papalanto. Ilé wa ní Ìjẹmọ̀ ni Ẹfúnkẹ́mi háyà yàrá sí. Tó bá ro láfún, gbogbo ilé ló máa jẹ nínú ẹ̀. Ó kàwé gboyè kejì lórí ẹ̀gẹ́, àmọ́ kásúà ni wọ́n fi í ṣe ní láàbù, òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè ní kó má wá mọ́ lọ́la. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ kò ju kí wọ́n gbà á síṣẹ́ gidi lọ.

Ìgbà tí wọ́n polówó ipò olùwádìí, ó lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀gá kan bi í níbẹ̀ pé, "Ta ló rán ẹ wá?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Inú ìwé ìròyìn ni mo ti rí i."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó délé, ó ṣì ń bi mí: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

Háà! Kí ni kí n sọ fún un? Pé kí ìpolówó tó jáde, ẹni tó máa jókòó sórí àga ọ̀hún ti jókòó? Pé láìsí èèyàn ńlá lẹ́yìn ẹni, eré lásán ni wọ́n pe èèyàn wá ṣe? Ẹni tí wọ́n gbà náà kò mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹfúnkẹ́mi kan náà ni wọ́n ní kó kọ́ ọ.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìdákẹ́jẹ́ la fi ń sin irú ẹ̀ nílẹ̀ yìí, ìyá kì í sì í débi sàárè ọmọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa gbé bọ́ọ̀sì wá síbi ìsìnkú lábúlé bàbá rẹ̀, wọ́n gbé gbohùngbohùn, wọ́n mú ayàwòrán dání, bí ẹni ń ṣòkú arúgbó. Dókítà Akóredé tó ṣáájú wọn ní "òṣìṣẹ́ wa àtàtà, òpó láàbù wa" ló lọ. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè!

Ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ní òṣìṣẹ́ yín ni. Ọjọ́ wo lẹ gbà á?"

Dókítà Akóredé gbé gbohùngbohùn sílẹ̀, ó kọjú sí bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ta ló ṣòfin pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín kò gbọdọ̀ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ yín? Àwọn wo ló ti pín iṣẹ́ yẹn tán kẹ́ ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ wá fi ṣẹ̀sín? Ẹ má gbé ìgbìmọ̀ kankan kalẹ̀ fún wa, a mọ bó ṣe máa ń parí. Orúkọ wọn la fẹ́, ká sì rí i pé wọ́n kúrò nípò. Àmọ́ kí wọ́n tó kúrò, kí wọ́n gba Papalanto lọ láìmú ayàwòrán dání, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, kí wọ́n dá ìyá ọmọ lóhùn.