Hóró Kan, Ọmọ Kan

Màmá mi máa ń yà mí lẹ́nu. Obìnrin tó po ìyẹ̀fun búrẹ́dì l'Ágége títí irun orí wọn fi funfun báláú, síbẹ̀ tí ẹ ò ní gbọ́ "ẹ̀yìn ń dùn mí" lẹ́nu wọn láéláé.

Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta tó wà lókè òkun, tí wọn ò ráyè wálé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn fítámì ránṣẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi àgbà wà fún eegun. Ti èkejì wà fún àwọn ìyá àgbà. Ti ẹ̀kẹta, ẹ má wulẹ̀ bi mí, gbogbo àìsàn ayé ni wọ́n ní ó ń wò.

Láràárọ̀, tí Màmá bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n bọ́ sùtánà funfun kọ́, wọ́n á mú hóró kan, wọ́n á pe orúkọ ọmọ tó fi ránṣẹ́, wọ́n á súre fún un dáadáa, kí wọ́n tó gbé e mì. Ó di ti ọmọ tó kàn. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀?" Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ọmọ wo ni kí n fi sílẹ̀ níbẹ̀?"

Háà! Mo kàn jókòó tì wọ́n, mò ń ṣe àmín. Ọlọ́run tóbi, ẹni tó dá ọkàn abiyamọ.

Àfi bí oúnjẹ ò ṣe wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ṣáá, wọ́n ń bì, wọ́n sì ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Mo da àwọn ìgò fítámì náà sínú ọ̀rá, a wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù n'Ífàkọ̀.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀, ó ka ara ìgò. Ó ní èròjà tó ń mú eegun le ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, òun náà ló sì wà nínú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ lásán ló yàtọ̀. "Kí wọ́n má fọwọ́ kan ìkankan mọ́. Tí ara bá yá, àyẹ̀wò ló máa sọ bóyá wọ́n nílò ohunkóhun." Wọ́n fa omi sí wọn lára.

Nígbà tí ojú Màmá wálẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i fún àwọn ọmọ mi tínú ò fi ní bí wọn?" Ẹ gbà mí! Ẹni tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ lórí rẹ̀!

Wọ́n ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Kò tiẹ̀ jẹ́ ká kí i tán.

"Màmá, mo tún ti ra òmíràn o! Èyí lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn. Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Olúwa á bù sí i fún ẹ, ọmọ mi. Má rà á mọ́. Eegun mi ti yó. Ìwọ ni mi ò rí."

Ńṣe la gbọ́ lórí fóònù tí ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọlọ́mọ, ń sunkún.